Ọdẹ Pobè àti Sakété, ẹ má yọ́ òjé nínú ilé ìdáná

Ní àwọn abúlé tó yí Pobè àti Sakété ká, ìbọn ṣakabùlà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: ẹ̀tù ló ń ṣáájú, ọta á tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá rí ọta rà lè yọ́ òjé bátìrì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ nílé.

Òjé kò le láti yọ́. Ìwọ̀n 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó o, iná ìdáná sì lè ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ekuru rẹ̀ á bà sílẹ̀, á mọ́ aṣọ àti ìkòkò, ọmọ tó ń rákò á sì fọwọ́ kó o sẹ́nu. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kò sí ìwọ̀n òjé tí kò léwu lára ènìyàn. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì ń ti ara aláboyún wọ ara ọmọ inú rẹ̀.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, ọmọdé 18 ló kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, níbi tí wọ́n ti ń kó òjé bátìrì.

Ẹni tí yóò bá yọ́ òjé, kó jìnnà sílé, kó má lo ìkòkò ọbẹ̀, kó má jẹ́ kí omi kán sí i, kó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ. Bí inú bá ń run ọmọ tàbí tí gìrì mú un, ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n ń yọ́ òjé nílé, kó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.