Àtàǹpàkò John Hurt

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ àwo orin blues tí Mississippi John Hurt, àgbẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1928 yóò rò pé ènìyàn méjì ni ó ń ta gìtá. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Òun nìkan ni! Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí àwọn okùn ohùn ìsàlẹ̀ láìsinmi. Ìka méjì sì ń fa orin lókè. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ àtàǹpàkò ṣáájú, títí yóò fi máa rìn fúnra rẹ̀. Bí àwo bá yá jù, kí ó dín eré rẹ̀ kù: ohùn yóò sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìka yóò hàn sí etí.

Nínú orin kan, Hurt dárúkọ Avalon, ìlú rẹ̀. Ní 1963, olùfẹ́ àwo náà kan wá a lọ síbẹ̀, ó sì bá a láàyè. Baba náà tún ta gìtá fáráyé títí ó fi kú ní 1966.