Kí Omi Má Sáré Mọ́: Ọgbà Alátẹ̀gùn Lórí Ilẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Aládùúgbò mi, nígbà tí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ ń wo bí ẹ̀fọ́ ṣe tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí àtẹ̀gùn, ẹ bi mí pé irú katakata wo ló ráyè wọ ẹ̀yìnkùlé tó há tó báyìí. Kò sí katakata kankan. Ọkọ́, dígà, ṣọ́bìrì, páànù, okùn àti igi mẹ́ta la fi ṣe é, èmi àti àwọn ọmọ, láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta. Mo rí i lójú yín pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé yín tán, èmi náà sì ń kánjú lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Òkè kan náà ló gbé ilẹ̀ yín àti tiwa; ohun tó bá ṣeé ṣe níbí yóò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ yín.

Orí omi ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìtòsí òkè làwọn tó tẹ Ìbàdàn wa yìí dó tẹ̀dó sí nítorí ogun. Ogun ti tán, òkè kù, àwa sì fi páànù òrùlé àti kọnkéré bò ó, àwọn méjèèjì tí kì í mu omi. Ẹ gbọ́ ìṣirò kan tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Bí òjò mílímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan gééré ló bọ́ síbẹ̀. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, nínú òjò ńlá kan ṣoṣo tó jẹ́ mílímítà 50, yóò da lítà 5,000 sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó tó 200 nìyẹn, láti orí ilé kan, láàárín wákàtí mélòó kan. Bí omi yìí bá bọ́ sórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, yóò sáré. Bí eré rẹ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń gbá nǹkan lọ di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó kọ́kọ́ ń gbá lọ ni ilẹ̀dú, erùpẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ ń jẹ. Nígbà tó bá kù díẹ̀, amọ̀ pupa àti yangí ni ẹ ó máa gbin tẹ̀tẹ̀ sí, ẹ ó sì máa sọ pé irúgbìn ọjà kò dára.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe nígbà tó kún bo bèbè rẹ̀, tó sì gbá ilé lọ. Odò kì í dá omi ara rẹ̀ ní. Àgbàlá kọ̀ọ̀kan lórí òkè kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ sí i. Mi ò lè dá Ògùnpa dúró, ṣùgbọ́n mo lè mú kí ìdá tí ẹ̀yìnkùlé mi ń san dín kù.

Iṣẹ́ tí ọgbà alátẹ̀gùn ń ṣe nìyẹn. A gé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ipele-ipele, ipele kọ̀ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ògiri kékeré sì di ètí rẹ̀ mú. Omi tó bá bọ́ sórí ipele kan kò rí ibi sáré sí. Yóò dúró, yóò wọlẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù yóò rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ipele tó tẹ̀ lé e. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òyìnbó, kì í sì í ṣe tòní. Ní Súkúr, lórí àwọn òkè Mandara ní ìpínlẹ̀ Adamawa, òkúta tí a tò láìlo sìmẹ́ńtì ló di oko àwọn ará ibẹ̀ mú láti ìran dé ìran. Ibẹ̀ ni UNESCO kọ́kọ́ kà mọ́ ogún àgbáyé ní Nàìjíríà, lọ́dún 1999, ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó ka igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ Konso ní Ethiopia, ògiri òkúta oko ga tó mítà 5 láwọn ibì kan. Tiwa ò ju ìdajì mítà lọ.

Kí ẹ tó gbé dígà, ẹ wọn ilẹ̀. Tiwa gùn ní mítà 8 láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí a bá fa okùn tààrà lójú òfuurufú, ìsàlẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju òkè lọ ní mítà 2. Mo pín in sí mẹ́rin. Ipele kọ̀ọ̀kan gba mítà 2, ògiri rẹ̀ sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 50. Nínú mítà 2 yẹn, ìdí ògiri gba sẹ̀ǹtímítà 40, bẹ́ẹ̀dì gba 120, ojú ọ̀nà tí à ń gbà kọjá gba 40 tó kù. Ẹ má jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ ju 120 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìtẹ orí ilẹ̀ tó rọ̀. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í mu omi dáadáa, omi la sì tìtorí ẹ̀ ń ṣe làálàá.

Ọ̀rọ̀ wá kan igi mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ojú ènìyàn kò lè mọ ibi tí ilẹ̀ òkè ti dọ́gba. Ojú a máa tanni. Bí ipele bá rẹlẹ̀ ní apá kan, gbogbo omi yóò kóra jọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ògiri yóò sì ti ya. Nítorí náà, ẹ gé igi méjì tó gùn ní mítà 2, ẹ di orí wọn pọ̀, kí ẹsẹ̀ wọn jìnnà síra ní mítà kan àbọ̀. Ẹ fi igi kẹta dábùú wọn láàárín, kó rí bíi lẹ́tà A. Ẹ so okùn mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ so òkúta mọ́ ìdí okùn náà kó lè máa fì níwájú igi ìdábùú. Irú okùn tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán náà ni.

Ẹ kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ igi náà lé wọn. Nígbà tí òkúta bá dúró, ẹ sàmì síbi tí okùn ti fara kan igi ìdábùú. Lẹ́yìn náà, ẹ yí igi náà padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí èèkàn òsì, kí tòsì bọ́ sí tọ̀tún, kí ẹ tún sàmì. Àárín gbùngbùn àmì méjèèjì ni àmì òtítọ́. Nígbàkígbà tí okùn bá kan àmì yẹn, ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà dọ́gba. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan, kò sì sí ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ àfi okùn.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti apá kan ilẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níbi tí ẹ ti kan èèkàn, kí ẹ máa sún ẹsẹ̀ kejì sókè sódò títí okùn yóò fi kan àmì. Ẹ kan èèkàn síbẹ̀, ẹ pẹ̀yìn igi dà, ẹ tún tẹ̀ síwájú. Bí ẹ bá dé òpin, ẹ ó rí i pé ìlà náà kò tọ́ gbọnrangandan. Ó ń wọ́ bí ejò, ó ń tẹ̀ lé ìrísí òkè. Ọkàn yín lè fẹ́ tọ́ ọ, kó lè wu ojú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà tó wọ́ yẹn ni omi mọ̀ ní ìlà tó tọ́. Mo lo ọjọ́ méjì gbáko lórí èèkàn kíkàn kí n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, àwọn ọmọ sì ń kùn pé iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò dé ni wọ́n tó mọ̀ pé ọjọ́ méjì yẹn ni iṣẹ́.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ẹ fá ilẹ̀dú ipele àkọ́kọ́, ẹ kó o jọ sápá kan, kí ẹ fi ewé bò ó. Ẹ gbẹ́ ìdí ògiri wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle. Bí ògiri bá ti gbéra, ẹ gé amọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ máa kó o sẹ́yìn ògiri, kí ẹ máa fi kùkùté igi gún un mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá tẹ́, ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀dú tí ẹ kó pamọ́. Ilẹ̀dú ipele kejì ni ẹ ó fá wálẹ̀ sórí ti àkọ́kọ́, ti ìkẹta sórí ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òkìtì tí ẹ kó pamọ́ lọ́jọ́ kìíní ni ẹ ó rù gòkè fún ipele tó kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó ru ilẹ̀dú gun òkè. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀ yóò rù ú títí ọrùn rẹ̀ yóò fi wọ́.

Nípa ògiri, ẹ jẹ́ kí àṣìṣe mi jẹ́ ẹ̀kọ́ fún yín. Ní ọdún àkọ́kọ́, búlọ́ọ̀kù ni mo fi mọ ti ìsàlẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ojú rẹ̀, kó lè lágbára. Ní òjò ọdún kejì, ó tẹ̀ síwájú, ó sì wó lóru. Omi tó kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Lítà omi 1,000 wọn tọ́ọ̀nù kan; kò sí ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè fi àyà ti irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Òkúta tí a tò láìlo sìmẹ́ńtì dára jù nítorí pé omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Èyí tó tóbi jù ni kó wà nísàlẹ̀. Ẹ na òkúta gígùn wọ inú òkè, ẹ má nà án lọ lójú ògiri. Kí òkúta kan máa gun ojú àárín méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ògiri fẹ̀yìn ti òkè díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 nínú gíga 60. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí amọ̀ má bàa dí ojú ọ̀nà omi.

Bí òkúta bá wọ́n, yangí tó le dára. Ọparun náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ikán kì í jẹ́ kó pẹ́, nítorí náà ẹ gbin koríko ọba sí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí gbòǹgbò rẹ̀ ti di ilẹ̀ mú kí ọparun tó jẹrà. Àpò ìrẹsì tí a rọ erùpẹ̀ sí ni mi ò ní gbà yín níyànjú láé. Oòrùn yóò ya á, ọ̀rá rẹ̀ yóò sì kún ilẹ̀ yín.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ súnmọ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí ti fẹ́ǹsì. Ẹ má gbẹ́ ẹ nítòsí sọkawéè. Bí ògiri kan yóò bá sì ga ju mítà kan lọ, ẹ pe ẹnjiníà. Iṣẹ́ ọkọ́ àti dígà ti tán níbẹ̀.

Lókè pátápátá, ẹ la ojú àgbàrá kan tí yóò gba omi òrùlé kó tó dé ọgbà. Kò gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi bẹ́ẹ̀dì, kò sì gbọ́dọ̀ dà jù. Sẹ̀ǹtímítà kan nínú mítà kan ti tó o. Igi onílẹ́tà A ni ẹ ó tún fi wọ̀n ọ́n: ẹ fi pákó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kọjú síbi tí omi ń lọ, kí ẹ wá okùn sí ojú àmì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ to òkúta síbi tí omi yóò ti bọ́ sí gọ́tà.

Ní ti ohun gbígbìn, ẹ mọ ẹ̀fọ́ jù mí lọ. Ọ̀pẹ òyìnbó àti koríko ọba ni mo tò sí ètí ògiri, ewúro sí igun, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá sórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ọdún àkọ́kọ́, ilẹ̀ yóò rì díẹ̀; ẹ máa fi ajílẹ̀ àti koríko gbígbẹ kún un, ẹ má sì jẹ́ kí ó wà níhòòhò lójú òjò. Bí òkúta kan bá bọ́, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, torí ihò kékeré ni omi fi ń bẹ̀rẹ̀.

Igi onílẹ́tà A wa wà lẹ́yìn ilé ìdáná, okùn rẹ̀ ṣì le. Ẹ rán ọmọ wá mú un kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.