Bí Yìgì Bá Tú, Ẹ̀tọ́ Kò Gbọdọ̀ Tú

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ó sì le díẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ ni. A kì í sábà gbọ́ irú rẹ̀ lórí mínbárì. Bí a ti ń so yìgì ni àwa Àáfáà fẹ́ràn láti máa wàásù lé lórí, nítorí pé níbi yìgì ni ìrẹsì àti ẹran wà. Níbi tí yìgì bá gbé tú, kò sí ẹni tí í gbé ìkòkò kaná.

Eré kan tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìlú Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ni ó mú mi mú kàlámù. Orúkọ eré náà ni Maîtresse d'un homme marié, èyí tí àwa ìbá pè ní Àlè Ọkọ Ọlọ́kọ. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni ó bẹ̀rẹ̀ lórí ilé-iṣẹ́ 2STV. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Kalista Sy ni ó kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ Marodi ni ó sì gbé e jáde. Èdè Wolof àti Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ọmọ mi kan tí ó kọ́ Faransé ní Yunifásítì tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ni ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi lórí fóònù rẹ̀.

Àwọn obìnrin inú eré náà kì í ṣe tálákà. Ilé alárà ni wọ́n ń gbé, mọ́tò olówó iyebíye ni wọ́n ń gùn, wọ́n sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀ ilé kò rọgbọ fún wọn. Marème gba ọkọ mọ́ Lalla lọ́wọ́. Djalika ni ó ń ṣiṣẹ́ bọ́ ilé, ọkọ rẹ̀ Birame ní tirẹ̀ ń mutí, ó sì ń lù ú.

Eré náà kò tíì pẹ́ lóde tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Jamra fi mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ náà. Wọ́n ní ó ń polówó àgbèrè, àti pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò mọ́ létí. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Àwọn ibì kan wà nínú rẹ̀ tí èmi náà kò ní jẹ́ kí ọmọdé wò nílé mi. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó, ìbéèrè mìíràn ni ó gbà mí lọ́kàn. Bí ariwo bá rọlẹ̀, tí ìkọ̀sílẹ̀ bá parí, níbo ni obìnrin yóò sùn? Kí ni yóò jẹ? Ta ni yóò san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ? Àwa tí a ń bínú sí ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi hàn, ǹjẹ́ a máa ń bínú báyìí sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá tiwa?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní Dakar. Ní ọdún 1979, ogójì ọdún ṣáájú eré tí mo ń wí, olùkọ́ ilé-ìwé kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Mariama Bâ kọ ìwé kan lórí rẹ̀. Mùsùlùmí ni, àwọn òbí rẹ̀ àgbà ni ó tọ́ ọ ní ìlànà ẹ̀sìn. Olóṣèlú ni ó fẹ́, ọmọ mẹ́sàn-án ni ó sì ní. Òun àti ọkọ náà kọ ara wọn sílẹ̀. Une si longue lettre ni orúkọ ìwé náà, ìyẹn ni Lẹ́tà Gígùn. Ó gba ẹ̀bùn Noma ní ọdún 1980, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún, ó sì kú ní 1981. Ẹni tí ó túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ni Modupé Bodé-Thomas, orúkọ tí ẹ̀yin náà mọ̀ pé tiwa ni.

Ọ̀rẹ́ méjì ni ìwé náà sọ̀rọ̀ wọn. Aïssatou, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà, fẹ́ dókítà. Ìyá ọkọ kò fẹ́ràn ìran rẹ̀, ó sì wá ìyàwó mìíràn fún ọmọ rẹ̀. Aïssatou kó ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó jáde. Ó padà sí ìdí ẹ̀kọ́, ó di ògbufọ̀, ó sì rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì aṣojú Sẹ̀nẹ̀gàl ní Amẹ́ríkà. Ramatoulaye, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò kọ ọkọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ fi òun àti ọmọ méjìlá sílẹ̀, ó lọ fẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ wọn. Nígbà tí Aïssatou gbọ́ pé ọkọ̀ èrò ni ọ̀rẹ́ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ kiri, ó ra mọ́tò fún un.

Ẹ wò ó dáadáa. Kí ni ó gbé àwọn obìnrin wọ̀nyí dìde? Ìwé tí wọ́n kà ni, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, àti ọ̀rẹ́ tí ó ní lọ́wọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé àtúndìde lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, ohun olówó ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Olówó lè fi owó rẹ̀ dìde. Tálákà, ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́run kọ sílẹ̀ fún un ni yóò fi dìde. Bí a bá jí ẹ̀tọ́ náà gbé mọ́ ọn lọ́wọ́, a ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á bọ̀ sílé. Ní agbègbè wa yìí, láti Abigi títí dé Iwopin létí ọ̀sà, iṣẹ́ ẹja ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń ṣe. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn tí ń ra ẹja ní Iwopin, tí ń yan án, tí ó sì ń gbé e lọ tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó pé ọdún mẹ́rìndínlógún nílé ọkọ, ọmọ mẹ́rin ni ó bí. Lọ́jọ́ kan ọkọ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù nígbà tí ó wà lọ́jà, pé òun kọ̀ ọ́, pé ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ó tó délé nírọ̀lẹ́, ẹrù rẹ̀ ti wà níta. Ààrò tí ó fi ń yan ẹja, ọkọ ní òun ni òun fún un lówó tí ó fi ṣe é, nítorí náà kò gbọdọ̀ gbé e.

Nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò pe ìpàdé lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ọkùnrin náà bi mí pé, "Àáfáà, ṣé kì í ṣe ọkùnrin ni ẹ̀sìn fi ìkọ̀sílẹ̀ lé lọ́wọ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ojú-ìwé kan nínú tírà, kí ó ṣí èkejì.

Kí ni ó wà lójú-ìwé kejì? Odindi súrà kan wà nínú Alùkùránì tí à ń pè ní Tọ́láákì, ìyẹn ìkọ̀sílẹ̀. Òun ni súrà 65. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti kìlọ̀ pé kí á má lé wọn jáde kúrò nílé títí ìídà wọn yóò fi pé, àyàfi bí wọ́n bá hu ìwà ìbàjẹ́ tí ó hàn gbangba. Ibẹ̀ ni ó ti pàṣẹ ẹlẹ́rìí olódodo méjì. Ibẹ̀ ni ó ti ní kí á fún wọn ní ibùgbé bí agbára wa ti mọ; bí wọ́n bá lóyún, kí á bọ́ wọn títí wọn yóò fi bí; bí wọ́n bá ń fún ọmọ lọ́mú, kí á san owó rẹ̀ fún wọn. Nínú Súrà Bákárà, ó ní kí á mú wọn sọ́dọ̀ pẹ̀lú ìwà rere tàbí kí á fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ìwà rere. Ó tún ní kí á fún wọn ní ẹ̀bùn ìtùnú, olówó ní ìwọ̀n tirẹ̀, tálákà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nínú Súrà Nísáì, ó ní bí ọkùnrin bá tilẹ̀ ti fún ìyàwó ní òkìtì wúrà, kò gbọdọ̀ gba nǹkan kan padà nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹnì kan yóò ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Àwọn onímọ̀ Màlíkì tí a ń tẹ̀lé ka irú rẹ̀ sí mẹ́ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tí ó ṣe é. Àwọn onímọ̀ yìí kan náà ni wọ́n sì wí pé obìnrin tí a kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹ̀tọ́ sí ilé títí ìídà rẹ̀ yóò fi pé. Ta ni nínú wa tí ń sọ ìyẹn fún ọkọ? Ti obìnrin tí ó bá fúnra rẹ̀ bèèrè ìkọ̀sílẹ̀ yàtọ̀. Ìyàwó Thábit ọmọ Káísì dá ọgbà tí ọkọ fún un ní sàdáákì padà, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sì ní kí ọkọ gbà á, kí ó fi obìnrin náà sílẹ̀. Kò sọ pé kí ó gba ohun tí obìnrin náà fi òógùn ara rẹ̀ ní.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Àǹtí Jábírù, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, wà nínú ìídà ìkọ̀sílẹ̀ nígbà tí èso ọ̀pẹ dàbínù rẹ̀ tó kó. Ó fẹ́ jáde lọ kó o, ọkùnrin kan sì dí i lọ́nà. Ó mú ẹjọ́ náà tọ Ànábì lọ. Ànábì ní kí ó lọ kó èso rẹ̀, bóyá yóò tilẹ̀ ṣe sàráà nínú rẹ̀. Obìnrin tí ọkọ kọ̀ ni ẹ ń wò yìí o, tí a ti ń retí ọrẹ àánú lọ́wọ́ rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni Sáínábù ọmọ Jáhíṣì. Séídì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ìyàwó Ànábì fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awọ, ó ń fi èrè rẹ̀ ṣe àánú. Níbo ni a ti wá rí i pé obìnrin tí ilé ọkọ kò gbà ti di aláìníláárí?

A bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ títí òru fi jìn. Nígbẹ̀yìn ó gbà kí ìyàwó padà sínú yàrá rẹ̀, lọ́tọ̀ sí tòun, títí ìídà yóò fi pé; ó yọ̀ǹda ààrò, ó sì ṣe àdéhùn owó oṣooṣù fún àwọn ọmọ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Inú rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í dúró de ìgbà tí inú bá dùn.

Ní ilẹ̀ Haúsá, ìjọba Kano bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012 láti máa so yìgì fún àwọn opó àti àwọn tí ọkọ kọ̀, lábẹ́ ìgbìmọ̀ Hisbah. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, tọkọtìyàwó 1,800 ni wọ́n so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọkọ tuntun kò san gbèsè tí ọkọ àná jẹ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fàyè gba ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ kí ó dá kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Sáríà sílẹ̀, kò sì sí ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tí ó ní i. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kò bá dé kóòtù ìbílẹ̀, mọ́sálásí ni ó kù.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn Lẹ́mọ́mù wa kò pọ̀. Ẹ ní ìwé ńlá kan ní mọ́sálásí. Bí ẹ bá so yìgì, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀, iye sàdáákì, àti ohun tí obìnrin gbé wá láti ilé baba rẹ̀. Bí yìgì bá tú, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀, orúkọ ẹlẹ́rìí méjì, ibi tí obìnrin yóò gbé ṣe ìídà, àti iye tí baba yóò máa san lórí ọmọ. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti san, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́rìí yìgì ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ìyá Àsàlátù, ẹ má yọ orúkọ obìnrin kúrò nínú àjọ nítorí pé ọkọ kọ̀ ọ́. Ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà àwìn, ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà nílé ọkọ ní àlàáfíà, ẹ jẹ́ kí ìwé ìsọ̀ àti ìwé báńkì yín wà lórúkọ yín. Kì í ṣe pé kí ẹ máa retí ìjà. Ẹni tí ó ní agboòrùn kò gbàdúrà kí òjò rọ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba bá wa tún ilé tí ó dúró ṣe, kí ó gba àwọn tí ilé wó lé lórí dìde, kí ó sì fún àwa tí a ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀ ní àyà láti ka tírà náà dé ìparí. Àmín.