Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Inú Ilé Kò Bá Gbọ́ Ara Wọn

Ilé tí kọ̀ǹpútà bá ti pé mẹ́ta, ó ṣọ̀wọ́n kí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí bàbá fi ń ṣiṣẹ́ lè wà lórí Windows 7, kí ti ọmọ tó wà ní yunifásítì wà lórí Windows 11. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́ nílé, tí fọ́tò ìgbéyàwó àti ìkómọjáde kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, lè ṣì máa lo Windows XP tó jáde lọ́dún 2001. Ráútà kan náà ni gbogbo wọn so mọ́, síbẹ̀ ọ̀kan kò rí fáìlì èkejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi fáìlì ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp. Fáìlì á gba òkè òkun lọ, á tún padà wá sínú yàrá kan náà. Ó ti jẹ dátà nígbà tó ń lọ, ó tún jẹ ẹ́ nígbà tó ń bọ̀, fọ́tò kò sì ní mọ́ bó ṣe mọ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, fáìlì tó gba inú ráútà láti kọ̀ǹpútà kan dé èkejì kì í jẹ dátà rárá, kódà bí dátà bá ti tán pátápátá.

SMB ni orúkọ èdè tí àwọn Windows fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fáìlì. Iléeṣẹ́ IBM ni Barry Feigenbaum ti ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Microsoft gbà á, wọ́n sì ń tún un ṣe títí di òní. SMB 1 nìkan ni XP gbọ́. Vista ló mú SMB 2 dé, Windows 7 gbọ́ 2.1, Windows 8 mú 3.0 wá lọ́dún 2012, Windows 10 sì mú 3.1.1 wá lọ́dún 2015.

Bí ẹ bá tẹ fódà kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ọ̀rọ̀ pọ̀ kí fódà náà tó ṣí. Kọ̀ǹpútà yín á kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà (port) 445 lọ bá èkejì, á sì ka gbogbo irú SMB tó gbọ́ sílẹ̀ fún un. Agbàlejò, ìyẹn kọ̀ǹpútà kejì, á mú èyí tó tuntun jù nínú àwọn tí wọ́n jọ gbọ́. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì ṣe ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá pàdé n'Íbàdàn: oníkálukú á gbé ti ilé rẹ̀ jù sílẹ̀, wọ́n á sọ èyí tó yé àwọn méjèèjì. Bí kò bá wá sí èyí tí wọ́n jọ gbọ́, ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni agbàlejò á bèèrè pé ta ni. Ibí yìí dùn mọ́ mi, nítorí páásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kì í rìn lórí wáyà. Agbàlejò á ju nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí àlejò. Àlejò á fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe ìṣirò lórí nọ́ńbà náà, á dá èsì padà. Agbàlejò á ṣe ìṣirò kan náà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bí èsì méjèèjì bá bára mu, àlejò wọlé. Ìgbà náà ni wọ́n tó ń sọ ti fódà. Àṣẹ méjì ló sì wà lórí rẹ̀: èyí tí ẹ fún un nígbà tí ẹ pín in, àti èyí tó ti wà lórí rẹ̀ nínú háàdì. Èyí tó le jù nínú méjèèjì ni Windows ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí fódà fi lè hàn sí yín tí kò sì ní ṣí.

Nítorí náà, bí Windows 7 àti Windows 11 kò bá rí ara wọn, ẹ má dá èdè lẹ́bi, wọ́n jọ gbọ́ SMB 2.1. Ẹ lọ wo bóyá ọ̀kan nínú wọn ka Wi-Fi ilé sí Public. Private ló yẹ kó jẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, firewall kò ní ṣílẹ̀kùn. Ẹ wo bóyá ẹni tí ẹ fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ wọlé ní páásíwọ́ọ̀dù, nítorí Windows kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé ni ìyẹn nìkan ti dí lọ́wọ́. Ẹ̀dà Windows 11 Pro tó jáde lọ́dún 2024 tún wá le sí i: àlejò tí kò lórúkọ, kò gbà á mọ́. Ẹ dá orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù kan náà sórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, ìyọnu á dín.

Bí ojú ìwé Network bá ṣófo, ìyẹn náà kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kejì kò sí níbẹ̀. Láyé ìgbà kan, orí SMB 1 ni Windows ti ń to orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà ilé jọ. Àwọn tuntun ti ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ tààrà, bíi \\192.168.1.5, ó lè ṣí lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣí, ẹ wo ráútà tàbí MiFi yín: òmíràn máa ń ya àwọn tó so mọ́ ọn sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà rí ara wọn.

Ti XP ló ṣòro, nítorí SMB 1 nìkan ló gbọ́, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan SMB 1 sì tọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò WannaCry gba ihò inú SMB 1 wọ àìmọye kọ̀ǹpútà kárí ayé, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń bèèrè owó. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Bìrìtìkó wà lára àwọn tó kàgbákò. Microsoft ti fi àtúnṣe ihò náà síta nínú oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ kò gbà á. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Windows 10 tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ SMB 1 kúrò. Ẹ lè lọ sí Windows Features láti dá a padà. Èmi kò ní ṣe é. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹ fi àmì sí Client nìkan, kí kọ̀ǹpútà tuntun máa lọ kó fáìlì lọ́dọ̀ XP, kí ẹnikẹ́ni má fi SMB 1 wọlé tọ̀ ọ́ wá. Tí ẹ bá ti kó ẹrù tán, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Fláàṣì kan ti tó fún iṣẹ́ yìí. Oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú XP, háàdì inú rẹ̀ náà sì ti dàgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó fọ́tò ìgbéyàwó yẹn kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.