Ẹ́ńjìnnì ńlá kọ́ ló ń gun àpáta, gíà ni!

Àwọn Amẹ́ríkà tó ń to jíìpù jọ fún ọ̀nà olókùúta Rubicon ní California kì í fi gíà ṣeré o! Gíà kìn-ín-ní nínú gíàbọ́ọ̀sì SM465 jẹ́ 6.55, gíà kékeré NP205, ìyẹn transfer case tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn, jẹ́ 1.96. Bí gíà àárín táyà bá jẹ́ 4.10, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀: ẹ́ńjìnnì á yí ju ìgbà 52 lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan! Jíìpù á máa rá bí ìgbín, bíréèkì ò sì ní gbóná pa awakọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n gíà mẹ́rin péré ni SM465 ní. Lójú títì, ariwo á pọ̀, epo á máa lọ. NV4500 ní márùn-ún, ìkarùn-ún yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí. Ẹni tó ń wa jíìpù ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, NV4500 ni kó rà. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ mìíràn gbé tiẹ̀ dé ìdí àpáta ló ni SM465. Àbí ta ní ń fi bàtà ijó lọ sóko?