Ṣé ọkọ̀ supercar tó lágbára jù ló dára jù fún awakọ̀ lásán lórí pápá eré?

Lọ́dún 2024, Maro Engel, ọmọ Jámánì tó ń fi ọkọ̀ díje, wa Mercedes-AMG One yí pápá Nürburgring Nordschleife po láàárín ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 29.

Àmọ́ bí ẹni tó kàn ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, agbára tó gbé Engel sáré yẹn gan-an ló lè kó bá a.

Pápá wo nìyí?

Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí Nürburgring ní Jámánì. Nordschleife gùn tó kìlómítà 20.8, kọ́nà ibẹ̀ sì lé ní 70. Láwọn ọjọ́ kan, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lè sanwó, kó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ ibẹ̀.

Ọkọ̀ méjì, ìyàtọ̀ ńlá

Porsche Carrera GT, tó jáde ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, ní agbára horsepower tó lé ní 600. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí, awakọ̀ ló ń fọwọ́ yí jíà, kò sì ní ẹ̀rọ tó ń dá ọkọ̀ dúró bó bá fẹ́ yọ̀.

Nissan GT-R tó jáde lọ́dún 2007 ní 480 péré. Àmọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń bá a ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà sì ń ràn án lọ́wọ́.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú méje àbọ̀ ni àwọn ọ̀gá awakọ̀ fi yí Nordschleife po nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọwọ́ awakọ̀ lásán ni ìyàtọ̀ wọn ti máa ń hàn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà?

Bí ẹ̀rù bá ba awakọ̀ láàárín kọ́nà, ó máa ń tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ìwúwo ọkọ̀ á wá sí iwájú, táyà ẹ̀yìn ò ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Ìdí Carrera GT lè fò yí kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ti GT-R, kọ̀ǹpútà á fi bíréèkì mú táyà tó yẹ, á sì dín agbára ẹ́ńjìnì kù.

Síbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gba ẹni tó bá kó eré àsápajúdé wọ kọ́nà.

Owó ta ni?

Ẹni tó bá kọlu irin ẹ̀gbẹ́ pápá náà ló máa sanwó àtúnṣe rẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò ni kì í sì í dá sí i.

Nítorí náà, táyà tó dára, bíréèkì tó yè kooro àti olùkọ́ tó jókòó ti awakọ̀ wúlò fún un ju àfikún 100 horsepower lọ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kó tẹ bíréèkì kó tó dé kọ́nà, kì í ṣe ìgbà tó bá ti wọ inú rẹ̀.