Fóònù Tó Ń Yẹ Ewé Ẹ̀gẹ́ Wò

Ewé ẹ̀gẹ́ tí àrùn mòsáíkì bá mú máa ń lọ́ pọ̀, á sì pọ́n rúsúrúsú káàkiri. Àgbẹ̀ Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn kò ní bi ẹnikẹ́ni kó tó mọ̀ ọ́n. Fóònù náà ti ń mọ̀ ọ́n báyìí. PlantVillage Nuru ni wọ́n ń pe áàpù náà. Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà àti IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà n'Íbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe é. Áàpù náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nínú oko, èyí sì bá Òkè-Ògùn, agbègbè Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, mu.

Fóònù kò rí ewé o. Nọ́ńbà ló ń rí. Gbogbo tóótòòtó inú fọ́tò ló ní nọ́ńbà mẹ́ta, ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, láti 0 dé 255. Ẹ̀rọ inú áàpù náà á fi àwọn nọ́ńbà inú tirẹ̀ sọ wọ́n di púpọ̀, á rò wọ́n pọ̀, á tún un ṣe léraléra, títí á fi sọ bí ewé náà ṣe jọ ti àrùn kan tó. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, tó bá ṣì í, wọ́n á fi ìdáhùn hàn án, á sì yí nọ́ńbà inú rẹ̀ díẹ̀. Nínú ìwádìí tó ṣíwájú áàpù yìí, tó jáde ní 2017, fọ́tò 2,756 láti oko ẹ̀gẹ́ ní Tàǹsáníà ni wọ́n lò. Kó tó kan ẹ̀gẹ́ rárá, àwòrán ajá, ọkọ̀ àti onírúurú nǹkan ni ẹ̀rọ náà ti fi kọ́ bí a ṣe ń wo àwòrán.

Ti ọmọ àgbẹ̀ yàtọ̀: á rí ewé díẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ti mọ àrùn náà. Ó sì mọ ohun tí kò sí lójú ewé: ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti gba igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn, àti bóyá ọ̀dá tàbí ilẹ̀ tó ti ṣá ló jẹ́ kí ewé pọ́n. Igi tí a gbìn ni àrùn yìí máa ń bá wọ oko, kòkòrò funfun kéékèèké abẹ́ ewé á sì máa gbé e kiri. Kámẹ́rà kò lè béèrè ibi tí igi ti wá. Bí àìsàn tí wọn kò kọ́ ọ bá sì dé iwájú rẹ̀, ó lè fi orúkọ èyí tó mọ̀ pè é.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ti wọlé. Fífà tu ni wọ́n máa ń fa igi tó bá lárùn. Bí fóònù bá ṣì í, oúnjẹ àgbẹ̀ ló lọ. Áàpù kò jẹ gbèsè kankan. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ní Nàìjíríà ń ṣọ́ ìsọfúnni nípa ènìyàn, ewé ẹ̀gẹ́ kì í sì í ṣe ènìyàn. Ta ló wá ni fọ́tò tí àgbẹ̀ yà, tí ẹ̀rọ fi ń gbọ́n sí i? Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bẹ oko wò, irú àwọn ti OYSADEP, àjọ ètò ọ̀gbìn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ní Ṣakí, kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí igi náà kí wọ́n tó fà á tu, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí àgbẹ̀ lè mọ ẹni tí yóò bi.